Bí Gìgísẹ̀ Pupa Ṣe Di Ẹnu Ọ̀bọ

Nínú gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ti fi ògbólógbòó ìbọ̀sẹ̀ ṣe, kò sí èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Amẹ́ríkà tó ọ̀bọ oníbọ̀sẹ̀, ìyẹn ọmọlangidi tí a fi ìbọ̀sẹ̀ méjì rán, tí a sì ki òwú tàbí àkísà sí nínú. Ìlú Rockford ní ìpínlẹ̀ Illinois ni ìtàn rẹ̀ rọ̀ mọ́, níbi tí John Nelson, káfíńtà tó ṣí wá láti Sweden, ti hùmọ̀ ẹ̀rọ tí ń hun ìbọ̀sẹ̀, tí iléeṣẹ́ Nelson Knitting Company sì bẹ̀rẹ̀ ní 1880. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń hun fún àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tà débi pé àwọn mìíràn ń ṣe irú rẹ̀. Nítorí náà, ní 1932, wọ́n fi òwú pupa hun gìgísẹ̀ rẹ̀, kí oníbàárà lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Àsìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ni èyí bọ́ sí, nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí kò rówó ra ohun ìṣeré, tí àwọn ìyá sì ń fi ohun tó ti gbó dá ọgbọ́n. Ìbọ̀sẹ̀ kan ni orí, ara àti ẹsẹ̀ ọ̀bọ náà ti ń jáde, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì di ìdí. Láti ara ìkejì ni wọ́n ti ń gé apá, etí àti ìrù, gìgísẹ̀ pupa rẹ̀ ni wọ́n sì ń rán mọ́ ojú gẹ́gẹ́ bí ẹnu. Báyìí ni àmì tí oníṣòwò fi lé ayédèrú sẹ́yìn ṣe di ètè ohun ìṣeré.

Ìjà lórí ẹni tó ni ín kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 1950 sí 1959. Obìnrin kan, Helen Cooke, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀, èyí tí ìjọba fi ń fún ẹnìkan láṣẹ pé òun nìkan ló lè ṣe nǹkan kan tà, ó sì pe ẹlòmíràn tó ń ta irú ọ̀bọ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Iléeṣẹ́ Nelson dá sí i, wọ́n sì wá ẹ̀rí pé àwọn obìnrin ti ń rán an ṣáájú ìwé náà. Ẹ̀tọ́ náà bọ́ sí iléeṣẹ́ náà lọ́wọ́ ní 1955, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìlànà rírán rẹ̀ sínú ìdì ìbọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin tipa bẹ́ẹ̀ pinnu ẹni tó ni ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí wọ́n kọ́kọ́ ki àkísà sínú ìbọ̀sẹ̀ kò fi orúkọ sílẹ̀, ẹ̀bùn ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ, wọn kì í ṣe ọjà.

Ní 1992, Fox River Mills ti ìpínlẹ̀ Iowa ra iléeṣẹ́ náà, ìbọ̀sẹ̀ onígìgísẹ̀ pupa sì wà lórí àtẹ títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á kì í fẹsẹ̀ kàn án. Tuntun ni wọ́n ń gé e, tó fi jẹ́ pé ohun tí a dá sílẹ̀ kí nǹkan má baà ṣòfò ti di ohun tí a ń torí rẹ̀ náwó. Ẹni tó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ àwọn ìyá àtijọ́ yóò kọ́kọ́ wọ ìbọ̀sẹ̀ náà gbó, kí ó tó gbé àlùmọ́gàjí.