Ìmọ̀ràn Kí A Tó La Ọ̀nà

Àgbà tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé kì í fi ọkọ́ gbígbé bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wo ilẹ̀, yóò sì mọ ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá nígbà òjò. Yóò bi àwọn tí ó ti ń gbé àdúgbò náà léèrè, yóò ṣírò owó rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó po amọ̀. Bí ó ti rí nípa ilé, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nípa ọ̀nà, afárá, ibùdókọ̀ àti gbogbo ohun tí ìjọba ń ṣe fún ìlò ará ìlú. Ọ̀nà tí a là láìgba ìmọ̀ràn lè dùn ún wò lọ́jọ́ tí a ṣí i, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ó tó di ìyà fún àwọn ènìyàn tí a torí wọn là á.

Ní ayé òde òní, irú ìmọ̀ràn báyìí ti di iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, àwọn tí ń ya àwòrán ìlú wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ nípa owó àti òfin. Kì í ṣe àwọn ni yóò da ọ̀dà sí ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti sọ fún ìjọba ohun tí ó yẹ kí a ṣe, ibi tí ó yẹ kí a ṣe é sí, iye tí yóò náni àti bí yóò ti pẹ́ tó. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ wọn. Èkíní ni pé: àwọn wo ni ó ń rìn, láti ibo sí ibo, kí ni wọ́n sì fi ń rìn? Èkejì ni pé: ta ni iṣẹ́ náà yóò kàn, ta ni yóò sì pàdánù nínú rẹ̀? Ẹ̀kẹta ni pé: nígbà tí a bá ṣe é tán, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, owó wo ni a ó sì fi tọ́jú rẹ̀? Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Èkó fi hàn gbangba pé ìlú tí a kò bi ní ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó. Ní 1901 ni a ṣí èyí tí ó dé Ìbàdàn. Láti Ìbàdàn, irin náà kò gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sókè. Ó yà sí ìhà ìlà-oòrùn, ó gba Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkìrun àti Ọ̀fà kí ó tó kan Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Kì í ṣe pé Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú kékeré. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 1952, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ 139,535. Ní gbogbo Nàìjíríà, Ìbàdàn àti Èkó nìkan ni ènìyàn inú wọn pọ̀ ju èyí lọ. Síbẹ̀ náà, kò sí irin kankan tí ó wọ ìlú náà. Oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin ní láti kọ́kọ́ kó o lọ sí Ìlọrin tàbí Òṣogbo, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jìnnà tó nǹkan bí 50 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláṣẹ tí ó pinnu ibi tí irin yóò gbà ń ronú nípa ẹrù tí wọn yóò kó dé èbúté. Wọn kò bi ará ìlú léèrè ibi tí òun ń lọ.

Nítorí èyí, ọ̀nà mọ́tò ni Ògbómọ̀ṣọ́ gbójú lé. Ọ̀nà tí a là láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní 1906 ni a ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí ó yá, ọ̀nà náà gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá dé Ìlọrin, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Òkè Ọya. Tírélà tí ó kó màlúù, àlùbọ́sà àti iṣu ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìbàdàn àti Èkó. Èyí tí ó kó epo àti ọjà láti èbúté Àpápá ń gòkè lọ. Lójú ọ̀nà tóóró kan náà ni àgbẹ̀ ń gùn ún lọ sí oko, tí ọmọ ilé-ìwé ń rìn ín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ọkọ̀ èrò sì ń sáré kí ilẹ̀ tó ṣú. Awakọ̀ tí ó bá sú láti máa tẹ̀ lé tírélà lẹ́yìn a yà bàrá kí ó lè ya á sílẹ̀, a sì bá ọkọ̀ mìíràn pàdé ní ojúkojú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti bá irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ lọ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ ikú ojú pópó yìí wà lára ohun tí ó mú kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, nínú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kó ipa pàtàkì. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè dá awakọ̀ asáréjù dúró. Kò lè sọ ọ̀nà tóóró di ọ̀nà gbòòrò. Ìdí nìyí tí ìjọba àpapọ̀ fi gbèrò láti la ọ̀nà olójú méjì láti Ìbàdàn dé Ìlọrin. A pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ àti apá Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin ni ó ṣáájú. Apá àárín, láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó gùn tó nǹkan bí 52 kìlómítà, ni a gbé fún agbaṣẹ́ṣe ní 2010. Ó sì lé ní ọdún 10 lẹ́yìn náà tí kò tíì parí. Láàárín àkókò yìí, ọkọ̀ tí ó ti fi ara mọ́ eré lójú ọ̀nà gbòòrò a ṣàdédé kó sínú ọ̀nà tóóró àtijọ́. Níhìn-ín ni a ti rí bí ìbéèrè kẹta ti wúwo tó. Bí a bá ń retí owó díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún fún iṣẹ́ ńlá, ọdún tí owó kò bá dé, ẹ̀rọ yóò dúró, òjò yóò sì máa wọ́ erùpẹ̀ tí a ti kó lélẹ̀ lọ.

Ìlú Èkó náà ti jẹ ìyà irú rẹ̀ rí. Nígbà tí Alàgbà Lateef Jákàńdè jẹ́ gómìnà, láti 1979 sí 1983, ó gbèrò ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé èrò láàárín ìlú. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ológun dé, ó fagi lé e ní 1985, owó tí a ti ná sórí rẹ̀ sì ṣòfò. Ètò tí ó bá rọ̀ mọ́ ènìyàn kan ṣoṣo a máa bá onítọ̀hún kúrò lórí àga. Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èyí tí í ṣe ọdún 38 lẹ́yìn náà, kí ọkọ̀ ojú irin irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina sí Mile 2, ìrìn kìlómítà 13.

Ohun tí ó yí nǹkan padà ni pé ní 2002 a fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní LAMATA, kí ó lè máa bójú tó ètò ìrìnnà ní agbègbè Èkó. Báńkì Àgbáyé yá ìjọba lówó, ó sì fi àwọn olùdámọ̀ràn ràn án lọ́wọ́. Gómìnà ń wá, gómìnà ń lọ, ṣùgbọ́n àjọ náà dúró, ìwé ètò rẹ̀ sì dúró pẹ̀lú. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wo bí a ti ń ṣe é níbòmíràn, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní ìlú Curitiba ní Brazil, láti 1974 ni a ti ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì nìkan. Ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ṣe irú rẹ̀ ní 2000. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé ẹ̀wù Bogotá wọ Èkó bí a ti rán an. Wọ́n tún un gé kí ó lè bá ara Èkó mu. Wọ́n lo ojú ọ̀nà tí ó ti wà, wọ́n fi òkúta gígùn pààlà fún bọ́ọ̀sì níbi tí ó fẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun sàmì síbi tí kò fẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 1.7 dọ́là ni kìlómítà kan náni, èyí tí ó kéré púpọ̀ sí ti Bogotá.

Èyí tí ó tún ṣòro ju ọ̀rọ̀ owó lọ ni ti àwọn awakọ̀ dánfó. Wọ́n bẹ̀rù pé bọ́ọ̀sì tuntun yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Bí a bá ti fi agbára lé wọn kúrò, ìjà ni ìbá dé. Ṣùgbọ́n a pe ẹgbẹ́ wọn jókòó lọ́pọ̀ ìgbà, a gbọ́ tẹnu wọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wa bọ́ọ̀sì BRT nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, ìrìn kìlómítà 22. Ìbéèrè kejì rí ìdáhùn. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn bọ́ọ̀sì náà gbó, èrò sì ń tò pẹ́ ní ibùdókọ̀. Ìtọ́jú kì í ṣe ohun tí a lè ṣe lẹ́ẹ̀kan kí a sì gbàgbé.

Ǹjẹ́ kí ni ẹ̀kọ́ Èkó lè ṣe fún Ògbómọ̀ṣọ́? Kì í ṣe pé kí a kó bọ́ọ̀sì Èkó wá síbẹ̀. Ìlú kò dọ́gba. Láti ìgbà tí a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ladoke Akintola sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, ìlú náà ti fẹ̀, ọ̀kadà sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ọjà ń gùn. Olùdámọ̀ràn tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi ìbínú lé ọlọ́kadà. Yóò kọ́kọ́ bèèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń gùn ún. Yóò rí i pé ọ̀kadà ń dé àdúgbò tí mọ́tò kò lè wọ̀, nítorí pé ojú ọ̀nà ti gba àgbàrá. Nígbà náà ni yóò hàn pé kòtò tí omi yóò máa gbà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbẹ́, kí a tó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Yóò sì rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí kò sì sí ojú ẹsẹ̀ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀nà tí kò ní àyè fún ẹlẹ́sẹ̀ kò tíì pé ní ọ̀nà.

Kíkà ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí a ṣe ní Ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà láàárín 1958 àti 1960, a fi ọkọ̀ ẹrù sáré léraléra lórí ojú ọ̀nà tí a ṣe fún àyẹ̀wò. Ohun tí ó jáde níbẹ̀ ni pé bí ẹrù tí ó wà lórí ọ̀pá tí ó so táyà méjì pọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìpalára tí ó ń ṣe fún ọ̀nà yóò di nǹkan bí ìlọ́po 16. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ 1,000 ni ó kọjá lójúmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan, àfi bí ó bá sọ iye tí ó jẹ́ tírélà. Iye yẹn ni yóò fi mọ bí òkúta abẹ́ ọ̀dà yóò ti nípọn tó, àti iye ọdún tí ọ̀nà yóò lò kí ó tó ya.

Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá jókòó sí ibi tí kò léwu ní Takie, níbi tí àwọn ọ̀nà ìlú ti pàdé, tí ó mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láàárín wákàtí kan. Kí ó fa ìlà márùn-ún: ti tírélà, ti ọkọ̀ èrò, ti mọ́tò kékeré, ti ọ̀kadà àti ti ẹlẹ́sẹ̀. Kí ó kà wọ́n ní òwúrọ̀, kí ó tún kà wọ́n ní ọjọ́ ọjà àti ní ọjọ́ òjò. Bí ó bá fi ohun tí ó kọ wéra, yóò rí ìlú rẹ̀ bí kò ti rí i rí, yóò sì lè sọ fún àwọn aláṣẹ ibi tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ́ sí.