ÌLÀNÀ GÍGÉ ÀTI SÍSO FÍDÍÒ LÁÌBA ÀWÒRÁN JẸ́

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe ń lo àwọn ètò kọ̀ǹpútà kéékèèké láti gé fídíò àti láti so ó pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan agbègbè Ìkẹjà àti Agége gbọ̀ngbọ̀n. Ní Agége, ilé sinimá ni oríta Pen Cinema ti gba orúkọ. Ní Agídíńgbì, Ìkẹjà, ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1980. Ní Ìkẹjà kan náà ni ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village. Àwọn ayàwòrán òde ìgbéyàwó àti òde ìsìnkú pọ̀ níbẹ̀. Èrò wa ni pé ẹni tí kò bá mọ bí fáìlì ṣe rí nínú kò lè mọ ohun tí òun gé kúrò gan-an.

2.0 Abẹ àti Téèpù

Ní ayé fíìmù, abẹ ni a fi ń gé àwòrán. Orí fíìmù ni a ya Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní 1976 sí, àti Aiyé tí òun àti Hubert Ògúndé ṣe ní 1979. Àwòrán adúró 24 ni ó máa ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Olóòtú lè gbé fíìmù síwájú iná, kí ó fojú rí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ó gé e láàrin méjì, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Ibi tí ó bá gé náà ni ó gé.

Téèpù VHS, tí ilé iṣẹ́ JVC gbé jáde ní Japan ní 1976, yí èyí padà. A kì í fi abẹ gé e. Ẹ̀rọ kan ni yóò máa ṣe é jáde, èkejì yóò máa gbà á sílẹ̀. Àdàkọ kì í dán tó ojúlówó, àdàkọ inú àdàkọ sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti wo téèpù ìgbéyàwó tí a dà kọ ní àdàkọ-inú-àdàkọ mọ bí ojú ìyàwó ṣe máa ń di bàìbàì.

3.0 Ohun tí ó wà nínú fáìlì

Fáìlì kò rí bí fíìmù. Bí a bá tọ́jú gbogbo àwòrán ní odindi, àyè kò ní gbà á. Nítorí náà, ìlànà ìfúnpọ̀ bíi H.264 ń lo oríṣi àwòrán méjì pàtàkì. Èkíní ni èyí tí a óò pè ní àwòrán odindi, tí ó dá dúró fúnra rẹ̀. Èkejì ni àwòrán àtẹ̀lé, tí kì í sọ ju ohun tí ó fi yàtọ̀ sí òmíràn lọ. Ó dà bí ẹni tí ó ń ròyìn ìpàdé ọjọ́ kejì fún wa: bí a kò bá gbọ́ ti ọjọ́ kìíní, ìròyìn rẹ̀ kò lè yé wa. Nínú x264, bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, àlàfo láàrin àwòrán odindi méjì lè tó àwòrán 250. Bí àwòrán 25 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10.

4.0 Gígé

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà gé fáìlì. Ọ̀nà kìíní ni kí a tú àwòrán sílẹ̀, kí a sì tún un fún pọ̀, gẹ́gẹ́ bí HandBrake ti ń ṣe. A lè gé e níbikíbi, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú dídán àwòrán ń lọ nígbà kọ̀ọ̀kan, bíi ti VHS. Ó sì máa ń pẹ́, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró ṣinṣin.

Ọ̀nà kejì ni kí a da ohun tó wà nínú fáìlì kọ bí ó ti wà. Èyí ni FFmpeg, tí Fabrice Bellard ará Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 2000, lè ṣe. Òun náà ni LosslessCut ń lò. Kì í pẹ́, àwòrán kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Ká ní ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní òde ìsìnkú kan, tí ẹbí sì ní kí a yọ ọ́ kúrò. A fi àmì sí ibi tí ìjà parí. Bí àwòrán odindi tó kẹ́yìn bá wà ní ìṣẹ́jú àáyá 6 sẹ́yìn àmì náà, ibẹ̀ ni ètò náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 6 nínú ìjà náà yóò sì wà nínú fáìlì tí a fi jíṣẹ́, kódà bí àwọn ètò kan kò bá fi hàn. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Nítorí náà, kí a sún ìbẹ̀rẹ̀ síwájú dé orí àwòrán odindi tí ó tẹ̀ lé e, tàbí kí a tún apá náà fún pọ̀.

5.0 Síso

Fáìlì méjì kò ṣe é so lọ́nà kejì yìí àfi bí wọ́n bá bára mu: ìlànà ìfúnpọ̀, ìwọ̀n àwòrán, iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti ètò ohùn. Bí kámẹ́rà bá ya 25, tí fóònù ya 30, a ní láti tún wọn fún pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí a ṣe é, láti ara ojúlówó, kì í ṣe láti ara àdàkọ.

6.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé gígé lórí fáìlì kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ mọ́, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ mímọ ibi tí àwòrán odindi wà. Kí ayàwòrán tọ́jú ojúlówó, kí ó sì wo gbogbo oríkèé tí ó so kí ó tó fi iṣẹ́ jíṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, fáìlì yẹn nìkan ni ohùn olóògbé ṣẹ́ kù sí.