Ìlò fóònù alágbèéká ní ilé-ìkàwé

Ìlò fóònù alágbèéká ní ilé-ìkàwé jẹ́ ọ̀ràn tí àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé ní láti ṣe òfin lé lórí láti ìgbà tí fóònù ti di ohun tí tọmọdé-tàgbà ń mú kiri. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ariwo. Fóònù kan náà tí ó ń dún láàárín àwọn tí ń kàwé ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ka ìwé tí kò sí lórí pẹpẹ ilé-ìkàwé náà. Ilé-ìkàwé tí ó bá lé fóònù jáde pátápátá ti lé ìwé púpọ̀ jáde pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí ó bá sì gbà á wọlé láìsí òfin yóò pàdánù ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn ènìyàn ń wá síbẹ̀. Ọ̀ràn yìí hàn gbangba ní Mowe, Ibafo àti Ifo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Nàìjíríà.

Agbègbè náà

Mowe àti Ibafo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ifo ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, ó sì wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé ní àwọn ìlú wọ̀nyí ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí owó ilé ibẹ̀ kò ká. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Redeemer's University bẹ̀rẹ̀ ní Mowe ní ọdún 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mountain Top University ní Ibafo àti Christopher University ní Mowe gba ìwé àṣẹ ní ọdún 2015. Olabisi Onabanjo University náà ní ọgbà tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ibogun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifo.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gbé nínú ilé tí yàrá kojú yàrá, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn ń dún lápá ọ̀tún àti òsì, tí fèrè ọkọ̀ àjàgbé sì ń wọlé láti òpópónà, kò ní ibi ìdákẹ́jẹ́ mìíràn tí yóò sá lọ bí kò ṣe ilé-ìkàwé. Ìpè fóònù kan ṣoṣo lè gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí fóònù ṣe wọ ilé-ìkàwé

Kí ọdún 2001 tó dé, fóònù jẹ́ ohun tí a so mọ́ ògiri ilé tàbí ọ́fíìsì, iye ìlà tí NITEL sì ní fún gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Òfin ilé-ìkàwé nígbà náà kò ju pé kí a má sọ̀rọ̀, kí a má jẹun, kí a sì fi báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Síìmù wọ́n gan-an, owó ìpè sì ń wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí Glo fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003 pẹ̀lú owó ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn ènìyàn wá fi fíláàṣì ṣe ọgbọ́n: wọn á pè, fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, wọn á sì gé e kí owó má bàa lọ. Nípa báyìí, ìpè tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú pàápàá ní ariwo tirẹ̀. (Ní ìgbà yẹn, ẹni tí fóònù rẹ̀ dún láàárín àwùjọ kì í sábà yára pa á, ó fẹ́ kí a mọ̀ pé ọwọ́ òun ròkè.)

Ìdí tí ìpè fi ń dani láàmú ju ìtàkùrọ̀sọ lọ

Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ nítòsí ẹni tí ń kàwé, etí lè fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti fóònù yàtọ̀, nítorí ìlàjì ọ̀rọ̀ nìkan ni a ń gbọ́, ọpọlọ a sì máa wá ìlàjì kejì láìjẹ́ pé a rán an níṣẹ́. Lauren Emberson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cornell University, Amẹ́ríkà, fi ìwádìí hàn ní ọdún 2010 pé iṣẹ́ tí ó gba àfiyèsí ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ìtàkùrọ̀sọ ju lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ.

Ohùn pẹ̀lú a máa lọ sókè. Ní ọdún 1911, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Étienne Lombard, ṣàlàyé pé ẹni tí ariwo wà létí rẹ̀ a máa gbé ohùn sókè láìmọ̀. Bí ẹni tí ń pè bá dúró ní gáréèjì Mowe láàárín àwọn agbèrò, ariwo gáréèjì ni yóò kún etí ẹni tí ń dáhùn. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò bá sì dára, òun náà yóò ṣe bí ẹni pé igbe ni yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé Mowe. Fóònù tí a pa ohùn rẹ̀ mọ́, tí ó kàn ń gbọ̀n lórí tábìlì onígi, kò sàn jù: tábìlì a di ìlù fún gbogbo àwọn tí ó jókòó yí i ká.

Ìwádìí mìíràn tí Adrian Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017 sọ pé fóònù tí ó kàn wà níwájú ẹni, bí kò tilẹ̀ dún, ń jẹ lára agbára ìrònú. Àwọn tí wọ́n tún un ṣe kò rí èsì kan náà ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kò tó ohun tí a lè gbé òfin kà.

Ohun tí fóònù ń ṣe fún òǹkàwé

Ìwé tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ìwé atúmọ̀ èdè, àwọn ìbéèrè ìdánwò ọdún àtẹ̀yìnwá tí ẹni tí ń múra sílẹ̀ fún JAMB ń dáhùn: inú fóònù ni gbogbo wọn wà. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, òun ni kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ tún ń gba ìwé là. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-ìkàwé Nàìjíríà ti ń ráhùn pé àwọn kan ń fi abẹ gé ojú ìwé lọ. Ẹni tí ó lè ya àwòrán ojú ìwé méjì kò nílò abẹ. Àmọ́ yíya odidi ìwé jẹ́ ọ̀ràn mìíràn, nítorí Òfin Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé ti ọdún 2022 fi àyè sílẹ̀ fún ìlò tí ó bójú mu fún ẹ̀kọ́ àti ìwádìí, kò fi àyè sílẹ̀ fún dídà ìwé kọ láti èèpo dé èèpo.

Àwọn ọ̀nà tí a ń gbà bójú tó o

Ìfòfindè pátápátá ṣeé ṣe níbi tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti ń bójú tó gbogbo ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́. Covenant University ní Ọ̀tà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2002, ni a mọ̀ jù fún èyí, nítorí ó pẹ́ tí kò fi gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láyè láti ní fóònù. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá ilé-ìkàwé tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ mu. Ẹ̀rọ tí ń dí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ́wọ́ kì í sì í ṣe ojútùú: òfin Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á láyè, nítorí ó lè dí ìpè pàjáwìrì, dátà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kàwé yóò sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a ya ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìlò: kí fóònù wọlé, kí ó má dún, kí ìpè sì jẹ́ ti ìta. Ilé-ìkàwé ńlá lè pín yàrá sí ti ìdákẹ́jẹ́ àti ti ìjíròrò. Èyí tí ó ní yàrá kan ṣoṣo kò ní ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìpè dé bá yóò ti máa wí pé "Hẹ́lò, mo wà ní láíbìrì" kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo yàrá yóò sì ti gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn kò jẹ́ dìde rárá nítorí báàgì àti ìwé rẹ̀ tí ó wà lórí tábìlì. Ó sàn nígbà náà kí ibi ìpè jẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè máa wo àga rẹ̀.

Àṣà tún wà níbẹ̀. Kò rọrùn fún ọmọ Yorùbá láti gé ìpè bàbá tàbí ọ̀gá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé e kí ó má kí i. Ìkíni wa kì í sì í ṣe gbólóhùn kan: ẹ káàsán mà, ṣé àlàáfíà ni, àwọn ará ilé ńkọ́? Kò sí bí a ṣe lè sọ èyí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ó má dà bí àrífín. Iṣẹ́ ránpẹ́ tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, bí "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo wà ní ilé-ìkàwé, màá pè yín padà", ń yọ ènìyàn kúrò nínú ìdè náà. Ìdè kan náà ni ó mú òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tí ó kéré lọ́jọ́ orí, tí àgbàlagbà kan ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù níwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa gbọ́ ọ níta" ṣiṣẹ́ ju ìka tí a nà sí ìwé ìkìlọ̀ ara ògiri lọ, bí fóònù òṣìṣẹ́ náà kò bá ti dún lórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ti iná mànàmáná ni ó kù. Nígbà tí iná kò bá sí ládùúgbò, àwọn kan ń wá ilé-ìkàwé nítorí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Wọn á fi fóònù sí ṣájì, wọn á sì jáde lọ. Fóònù á wá máa dún láìsí olóhun. Òṣìṣẹ́ kò lè gbé ìpè onípè, kò sì fẹ́ pa fóònù ẹlòmíràn kí a má bàa ní òun bà á jẹ́. Òfin tí ó bá ọ̀ràn yìí mu ni pé kí ẹni tí ó bá fi fóònù sí ṣájì jókòó tì í.