Tírélà tí kò bá ọkọ̀ ojú omi mu lè ba ọkọ̀ náà jẹ́ kó tó dé odò: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò

Nígbà tí omíyalé ṣọṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2022, ènìyàn tó lé ní 600 ló pàdánù ẹ̀mí wọn, àwọn tó sì sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù kan. Ní Lokoja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé, omi bo títì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ń rìn níbi tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau wó ní ìpínlẹ̀ Borno, omi sì ya wọ Maiduguri, ìlú tó wà ní agbègbè ilẹ̀ gbígbẹ.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó bá fẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn kò lè gba odò dé. Títì ni yóò gbà, lórí tírélà tí mọ́tò mìíràn ń fà. Àwọn ènìyàn a máa yẹ ẹ́ńjìnnì wò, wọn a ka ẹ̀wù amúniléfòó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ wo ohun tó gbé ọkọ̀ náà kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sán lójú ọ̀nà kò lè gba ẹni tó wà lórí òrùlé là.

Tírélà tí à ń sọ níbí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì jáde láti Obajana o. Férémù irin tó ní táyà méjì tàbí mẹ́rin ni, pẹ̀lú pákó gígùn tàbí rólà tí ọkọ̀ ń jókòó lé, àti òpó kékeré kan níwájú tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Èyí tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ nínú wọn, ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti tò ó fún ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Púpọ̀ nínú àwọn irin tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi bóòtù dè, kí ó lè ṣeé tú, kí ó sì ṣeé sún. Ọkọ̀ kò lè yí ara rẹ̀ padà nítorí tírélà. Tírélà ni ẹ ó tún tò.

Kí ló dé tó jẹ́ ìdí ọkọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wò?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Wọn a fa ọkọ̀ títí yóò fi kan òpó, wọn a so ó, wọn a sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí omi, gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó kan omi ló ń pín ìwúwo rẹ̀ gbé. Lórí tírélà, ìwọ̀nba ibi tí pákó tàbí rólà kàn ni gbogbo ẹrù náà dúró lé. Ìdí ọkọ̀ ló sì wúwo jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì fi kọ́. Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 115 lè wúwo ju kílógíráàmù 150 lọ. Bí pákó bá parí ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ṣáájú ìdí ọkọ̀, a jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni ẹrù yìí wà. Gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí, ẹ́ńjìnnì náà a tún fa ìdí ọkọ̀ sísàlẹ̀.

Bí ó bá pẹ́, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ a tẹ̀ lẹ́yìn ibi tí pákó ti parí, a sì rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ojú lásán lè má tètè rí i, ṣùgbọ́n omi mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, ibi tó tẹ̀ náà a máa gbé ìdí rẹ̀ sókè, a sì máa ti iwájú rẹ̀ mọ́ omi. Ọkọ̀ náà kò ní yára tó bó ṣe yẹ, yóò máa jẹ epo, ìdarí rẹ̀ yóò sì nira. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ fáíbà, ó lè sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí omi sì wọ inú pákó tí wọ́n fi fáíbà bò ní ìdí rẹ̀, kí ó máa jẹrà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tírélà. Ó yẹ kí orí pákó méjèèjì dé ìdí ọkọ̀ gẹ́lẹ́, tàbí kí ó yọ síta díẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ tú bóòtù òpó iwájú, kí ẹ sún òpó náà síwájú, kí ẹ sì fa ọkọ̀ tẹ̀ lé e títí ìdí rẹ̀ yóò fi jókòó sórí pákó. Bí kò bá sí àyè láti sún un, ẹ fi pákó tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé irin kan gbé e ní tòsí orí rẹ̀. Pákó gígùn tí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ yóò kàn máa jù fìrìfìrì ni.

Ẹni tó bá ń fura pé ọkọ̀ òun ti tẹ̀ lè fi igi gígún tó tó mítà kan àbọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti ìdí lọ síwájú. Bí ìdí ọkọ̀ bá kan igi náà, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ láàárín igi àti ọkọ̀ níwájú rẹ̀, ó ti tẹ̀ nìyẹn.

Pákó àti rólà gbọ́dọ̀ mọ bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ṣe rí

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fáíbà tó ń sáré sábà máa ń dà bíi lẹ́tà V. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pákó tí àwọn káfíńtà ń kàn lẹ́bàá odò ní ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ. Tírélà tí wọ́n tò fún ọ̀kan kò lè gbé èkejì dáadáa láìjẹ́ pé wọ́n tún un tò. Bí pákó bá dagun lábẹ́ ọkọ̀ pẹrẹsẹ, etí pákó nìkan ló ń gbé e, etí yẹn yóò sì máa jẹ ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ dẹ bóòtù tó di àwọn irin abẹ́ pákó mú, kí pákó lè yí sí ibi tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bá darí rẹ̀ sí. Nígbà tí gbogbo ojú rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹ dè é pinpin. Ibi tó dára jù fún pákó ni abẹ́ àwọn igi ìró tó gba inú ọkọ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ló lágbára. Ti rólà àárín kò le: èyí tí ẹ bá fi ọwọ́ yí lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti jókòó kò gbé nǹkan kan, ẹ gbé e sókè títí yóò fi kan ọkọ̀. Orí bóòtù gbọ́dọ̀ wọ inú pákó, kí kápẹ́ẹ̀tì sì bò ó. Kí irin tó dábùú férémù má sì kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rárá.

Èló ni ẹrù tó wà lórí bọ́ọ̀lù?

Bọ́ọ̀lù irin tó wà lẹ́yìn mọ́tò ni ẹnu tírélà máa ń gbá mú. Bí ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ bá kéré jù, ìdí tírélà a bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì nígbà tí mọ́tò bá ń sáré, ó sì lè dojú mọ́tò dé. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀yìn mọ́tò a rì, táyà iwájú a fúyẹ́, ìdarí àti bíréèkì a sì dínkù. Fún tírélà ọkọ̀ ojú omi, ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ ìwúwo ló dára, bí kò bá ti ju ohun tí ìwé mọ́tò yín gbà láàyè lọ.

Kò dìgbà tí ẹ bá ní ẹ̀rọ olówó ńlá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n tí ènìyàn ń gùn nílé ìwòsàn tó. Ẹ gbé orí pákó líle kan lé búlọ́ọ̀kù, kí ẹ gbé orí kejì lé òṣùwọ̀n. Ẹ pín àárín wọn sí mẹ́ta, kí ẹ sì gbé ẹnu tírélà lé ibi ìdá kan láti ọ̀dọ̀ búlọ́ọ̀kù. Ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ, ẹ fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Tírélà wúwo tó kílógíráàmù 300, ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti epo sì jẹ́ 1,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,300, nítorí náà ó yẹ kí ẹnu tírélà wúwo láàárín 91 sí 130. Bí òṣùwọ̀n bá sọ 17, ohun tó wà lórí bọ́ọ̀lù jẹ́ 51 péré. Tírélà yẹn yóò jù lójú ọ̀nà.

Bí àárín táyà sí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ mítà 5, sẹ̀ǹtímítà 10 tí ẹ bá sún ọkọ̀ síwájú yóò fi nǹkan bíi 20 kílógíráàmù kún un. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi ìdí ọkọ̀ sí ibi tó yẹ, kò sì dára kí ẹ tún tú u ká. Táyà ni ẹ ó sún. Ẹ tú bóòtù tó di irin táyà mọ́ férémù, kí ẹ sún un sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹrù orí bọ́ọ̀lù yóò di nǹkan bíi 99. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù wọn àárín bọ́ọ̀lù sí orí irin táyà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, tírélà yóò máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn.

Lára àwọn tírélà mìíràn, jíjó ni wọ́n jó irin táyà mọ́ férémù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà gé e. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹrù inú ọkọ̀ ná: lítà epo bẹntiróòlù 100 wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 75, bí ẹ bá sì gbé kẹ́ẹ̀gì láti ìdí ọkọ̀ wá sí iwájú, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹrù ìrìn-àjò ló yẹ kó wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n.

Bọ́ọ̀lù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ti Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50. Amẹ́ríkà ní ti ínǹṣì 2, wọ́n sì ní èyí tí kò tó mìlímítà 48. Bí ẹnu tírélà tí wọ́n ṣe fún ínǹṣì 2 bá gbá bọ́ọ̀lù kékeré yẹn mú, ó lè fò yọ nínú kòtò. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà sára méjèèjì. Ẹ kà á.

Kí ẹ tó gbéra

Ìgbà yìí ni ẹ ó wá dá òpó iwájú dúró síbi tí yóò ti kan ọkọ̀, kí bẹ́líìtì rẹ̀ lè fà á tààrà. Òpó yẹn nìkan kò tó láti di ọkọ̀ mú: ẹ fi ẹ̀wọ̀n irin kún un níwájú, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì méjì de ìdí ọkọ̀ mọ́ férémù. Ẹ̀wọ̀n tó so tírélà mọ́ mọ́tò gbọ́dọ̀ kọjá ara wọn lábẹ́ ẹnu tírélà, kí wọ́n lè gbà á bó bá yọ. Ẹ yẹ iná àti atẹ́gùn táyà wò.

Lẹ́yìn nǹkan bíi 50 kìlómítà, ẹ dúró. Ẹ tún gbogbo bóòtù tí ẹ tú tẹ́lẹ̀ dè, nítorí pákó tuntun a máa tẹ̀ wọlé díẹ̀ lábẹ́ ẹrù, bóòtù a sì dẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ó ṣeé ṣe kí gíríìsì bíárìn rẹ̀ ti tán. Nígbà tí ẹ bá sì dé etí omi, ẹ jẹ́ kí bíárìn tutù kí ẹ tó ti tírélà wọ odò, nítorí èyí tó bá gbóná a máa fa omi mọ́ra bó bá kan omi tútù, yóò sì dógùn-ún kó tó di ìrìn-àjò mìíràn.