Ojú Irin Àná, Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Òní

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ jáde ní Chatham, ní gúúsù ìlú Chicago, tó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lórí 87th Street, yóò kọ́kọ́ gba orí ọ̀nà márosẹ̀ Dan Ryan kọjá. Mọ́tò ń sáré lábẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ọkọ̀ ojú irin Red Line ń já láàárín wọn. Lórí títì tó ń gùn gan-an, bọ́ọ̀sì ń dúró, tírélà ń yà, àwọn awakọ̀ ń ṣílẹ̀kùn láìwẹ̀yìn. Láti State Street dé Western Avenue jẹ́ máìlì 3, kò sì sí ibi tí ọkàn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ti balẹ̀ nínú máìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó bá wá dé igbó Dan Ryan Woods, ariwo á lọ sílẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀, igi lọ́tùn-ún, igi lósì, mọ́tò kan kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà náà gùn tó máìlì 7 ó lé díẹ̀. Ó gba àárín àdúgbò lọ sí ìhà gúúsù, ó gorí afárá kọjá odò Little Calumet, ó sì parí sí Whistler Woods ní Riverdale. Major Taylor Trail ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i, àmọ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀nà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ojú irin iléeṣẹ́ Pennsylvania Railroad ni.

Irú ọ̀nà báyìí ti pọ̀ káàkiri ayé. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àpapọ̀ gígùn wọn ju máìlì 24,000 lọ. Àwọn ará Faransé ń pe tiwọn ní voie verte, ìyẹn ọ̀nà eléwéko. Ní 1997 ni wọ́n ṣí àkọ́kọ́ wọn ní agbègbè Burgundy, láti Givry dé Cluny, kìlómítà 44, láàárín ọgbà àjàrà àti òkè kéékèèké. Òmíràn tó gbajúmọ̀ ni Passa Païs, tó la àárín àwọn òkè Haut-Languedoc kọjá láti Mazamet dé Bédarieux. Ilẹ̀ olókè ni, síbẹ̀ arúgbó ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ọmọ ọdún méje ń tẹ̀lé e.

Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe kò ju pé ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè. Táyà irin lórí irin a máa yọ̀, ẹrù rẹ̀ sì wúwo. Bí ilẹ̀ bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, wàhálà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, àwọn tó la ọ̀nà rélùwéè ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti ààbọ̀ sẹ́yìn fi ṣọ́bìrì àti ẹ̀tù gé orí òkè, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ dí àfonífojì, wọ́n mọ afárá, wọ́n sì gbẹ́ ihò la abẹ́ àwọn òkè tí kò ṣeé gé. Ní Wisconsin, tó múlé gbe ìpínlẹ̀ Illinois, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó lọ láti Elroy sí Sparta ní irú ihò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, èyí tó gùn jù lára wọn sì ju ẹsẹ̀ bàtà 3,800 lọ. Òógùn àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà ni ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ òní ń jẹ̀gbádùn rẹ̀.

Nítòsí Chicago gan-an ni ìmọ̀ràn pé kí ojú irin àtijọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ti kọ́kọ́ ta gbòǹgbò ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tó máa ń kó èrò láti ìwọ̀ oòrùn wá sí Chicago, orúkọ rẹ̀ ni Chicago, Aurora and Elgin. Ní 1957 ó ṣíwọ́ èrò kíkó. Ilẹ̀ rẹ̀ wà lásán, koríko ń hù, àwọn tó fẹ́ kọ́lé sì ti ń fojú sí i lára. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, May Theilgaard Watts, obìnrin onímọ̀ nípa ewéko ní Morton Arboretum, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Chicago Tribune. Ó ní kí wọ́n dá ilẹ̀ náà sí fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n yára. Àwọn èèyàn gbọ́. Òun ló di Illinois Prairie Path, tó gùn tó nǹkan bí máìlì 60 lónìí.

Ìkìlọ̀ obìnrin yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ gbogbo. Ohun tó níye lórí jù lára ojú irin àtijọ́ ni pé kò já. Irin ṣeé tú tà, pákó abẹ́ rẹ̀ ṣeé jó níná, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì fẹ̀ ju kí ilé kan tàbí méjì ṣù mọ́ra lórí rẹ̀. Àmọ́ ó lọ gbọọrọ láti ìlú dé ìlú láìdáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí wọ́n bá ta abala kan ṣoṣo láàárín, tí onílé fi bíríkì dí i, ọ̀nà ti kú. Kò sí ìjọba kan lóde òní tó lè rówó ra irú ilẹ̀ tóóró bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún onílẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi ṣe àtúnṣe sí òfin ní 1983. Òfin náà sọ pé bí iléeṣẹ́ rélùwéè kò bá fẹ́ lo ọ̀nà kan mọ́, ó lè fi í pamọ́ sọ́wọ́ ìlú tàbí ẹgbẹ́ kan tó máa tọ́jú rẹ̀, kí àwọn èèyàn máa rìn lórí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí rélùwéè yóò bá tún nílò rẹ̀. Inú gbogbo èèyàn kò dùn sí i. Àwọn onílẹ̀ kan sọ pé àwọn baba àwọn yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin nìkan, pé bí ọkọ̀ bá ti lọ, kí ilẹ̀ padà sílé. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn adájọ́ sì fọwọ́ sí òfin náà ní 1990, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé onílẹ̀ lè béèrè owó gbà-máà-bínú. Ìdájọ́ tó bójú mu ni. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú kò yẹ kó di gbèsè sí ọrùn ẹnì kan.

Ọ̀nà tí wọ́n ti dá sí kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ẹ wo Major Taylor Trail ní gúúsù Chicago: iléeṣẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, Chicago Park District, ló ni apá kan, iléeṣẹ́ igbó ìjọba Cook County ló ni apá kejì, ibì kan sì wà tí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ti gbọ́dọ̀ bọ́ sí títì àdúgbò kó tó padà sórí ọ̀nà rẹ̀. Bí igi bá wó, bí ìgò fọ́, ta ló máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́? Àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti àdá. Ọ̀nà kì í dí mọ́ aládàá, àmọ́ aládàá gbọ́dọ̀ wà.

Orúkọ tí ọ̀nà náà ń jẹ́ tún fún un ní ìtumọ̀ míì. Marshall Taylor ni orúkọ àbísọ Major Taylor. Ìdílé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n bí i sí ní Indianapolis ní 1878. Ó ń fi kẹ̀kẹ́ dárà níwájú ṣọ́ọ̀bù kan pẹ̀lú aṣọ ológun lọ́rùn, ni wọ́n bá ń pè é ní Major. Ní 1894 ẹgbẹ́ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Ní 1899 Taylor gba ipò kìíní àgbáyé ní Montreal. Ní 1901 ó wọkọ̀ lọ sí Faransé, ó sì fi ẹ̀yìn Edmond Jacquelin, àyànfẹ́ wọn, gbálẹ̀ ní Paris nínú ìdíje kejì tí wọ́n jọ ṣe. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, Chicago ló ń gbé, ó ń kiri ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ láti ilé dé ilé. Ó kú ní 1932 nínú yàrá àwọn aláìní ní ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì sin ín sí ibojì tí kò ní àmì. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ àtijọ́ ló dáwọ́ jọ ní 1948, tí Frank Schwinn oníléeṣẹ́ kẹ̀kẹ́ sì ran wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó yẹ ẹ́. Láti 2018, àwòrán rẹ̀ tí ayàwòrán Bernard Williams yà ti wà lára afárá Little Calumet.

Kò tíì pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ gígùn ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní ìlú yìí. Ní 2017, Chicago Tribune ṣàyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, ó sì rí i pé àdúgbò aláwọ̀ dúdú ni owó ìtanràn kẹ̀kẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ ni gígun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí òfin Chicago kà léèwọ̀ fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá sì ti rí títì tí mo ṣàpèjúwe lókè á mọ ìdí tí èèyàn fi ń sá gorí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Olatunji Oboi Reed, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, àti Jamal Julien dá Slow Roll Chicago sílẹ̀ ní 2014, kí àwọn èèyàn lè máa gun kẹ̀kẹ́ pọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárín àdúgbò àwọn fúnra wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ẹ̀ka rélùwéè tó yà ní Ìfọ̀, tó gba Ìlárò lọ sí Ìdógò, ti dákẹ́ tipẹ́. Nígbà ayé rẹ̀ ó ń kó irè oko àti èrò. Lónìí, ọmọ iléèwé àti ìyá aláte ń fi ẹ̀mí wewu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí tírélà ti ń sáré. Bí ọkọ̀ yóò bá tún gba ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó dára. Bí kò bá sì gbà á, ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ lè gbà á. Ọ̀nà méjèèjì ló béèrè pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé ilẹ̀ náà tà. Igbó tó bo ojú irin, ọjọ́ díẹ̀ la fi máa ro ó. Ilé tí wọ́n bá kọ́ dí i ni a kò ní rí ro.