Ta ló gbé odò gun òkè?

Odò Ọ̀yún tiwa l'Ọ̀fà kì í pariwo. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ló ń wọ́ gbà jẹ́ẹ́jẹ́, tó ń kọrí sí ọ̀nà odò Ọya. Ìdí nìyí tí ẹnu fi máa ń ya ọmọ Ọ̀fà tó bá kọ́kọ́ dé ìdí omi Òwu tó ń já láti orí òkè l'Ọ́wá-Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, nínú Kwara yìí kan náà. Ọmọ mi kékeré kò tiẹ̀ yin ẹwà omi náà. Ohun tó bi mí ni pé, "Dádì, ta ló gbé odò gun òkè?"

Kò sẹ́ni tó gbé e. Òkè ni odò ọ̀hún wà látilẹ̀. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló jẹ tán. Àpáta abẹ́ ilẹ̀ Ìgbómìnà tí Òwu wà, àti ti abẹ́ Ọ̀fà pẹ̀lú, jẹ́ àpáta ògbólógbòó tí ooru inú ilẹ̀ sè, ó sì ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló le bákan náà. Níbi tó bá ti sán, omi òjò á wọ inú rẹ̀, oòrùn á pa á, á máa rà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di yẹ̀pẹ̀, odò á sì gbá yẹ̀pẹ̀ yẹn lọ. Ibi tó le koko kò ní yẹsẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ṣe ń jìn tí òkè ń dúró, odò á bá ara rẹ̀ létí ògiri, kò sì ní ibòmíràn tí yóò gbà ju kó bẹ́ lọ.

Ní Niagara, láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, àpáta rírọ̀ ló wà lábẹ́ èyí tó le. Ìyẹn ni etí ibi tí omi ti ń já níbẹ̀ fi fà sẹ́yìn tó nǹkan bí kìlómítà 11 láàárín 12,000 ọdún. Àpáta tiwa kì í tètè gbà.

Wọ́n ní Òwu ga tó 120 mítà, pé kò sí irú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ará Gánà náà ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa omi Wli tiwọn. Ìjàkadì ni wọ́n mọ Ọ̀fà sí lóòótọ́, àmọ́ èmi ò bá wọn dá sí eléyìí.

Lábẹ́ Òwu, omi ti gbẹ́ adágún fúnra rẹ̀, ó tutù bíi yìnyín. Ìrì rẹ̀ ń ta sí ojú ẹni kéèyàn tó débẹ̀, ewédò sì bo àwọn òkúta tó ti já bọ́ láti òkè, wọ́n ń yọ̀ bọ̀rọ́. Lásìkò ọyẹ́, omi náà á fẹ́lẹ́. Ìgbà òjò ló ń bú ramúramù.

Bí ìyá àgbà bá wà lára yín, Olúmirìn l'Ẹ́rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ. Àpáta tibẹ̀ kò dá gẹ̀ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ipele méje ni omi ń bá sọ̀ kalẹ̀. Ìrìn díẹ̀ ni wọ́n á rìn kí wọ́n tó kan ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ de àwọn ọmọ tó fẹ́ gun ìyókù.