Ọkọ̀ Ìwòsàn Dé Abúlé: Ọjọ́ Wo Ni Yóò Padà?

Ẹni tí ó bá mọ àwọn ọ̀nà oko Kétu àti Ṣábẹ̀ mọ ohun tí òjò ń sọ wọ́n dà. Ibi tí zémìjàn ń gbà kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a di ẹrẹ̀, àwọn abúlé tí ó wà lápá odò Ọ̀pàrà a sì túbọ̀ jìnnà sí ilé ìwòsàn. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú, tí kò sì fẹ́ tètè tún lóyún, ta ni yóò bá a ro oko bí ó bá fi odindi ọjọ́ kan wá agbẹ̀bí lọ? Nítorí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ìwòsàn ṣe ń gbéra láti ìlú lọ sí abúlé.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Àwọn aṣojú ìlera tí a ń pè ní relais yóò ti lọ kí baálé, wọn yóò ti bá ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹ̀sìn sọ̀rọ̀. Akéde yóò sì ti lu agogo. Àwọn kan fẹ́ràn ọjọ́ ọjà nítorí èrò. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí gbogbo ojú ni yóò rí ẹni tí ó wọlé. Agbẹ̀bí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, yóò béèrè bóyá oyún ti wà nínú, kí ó tó ṣàlàyé: oògùn oníhóró tí a ń lò lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ olóṣù 3, ọ̀pá tín-ín-rín tí a ń fi sábẹ́ awọ apá fún ọdún 3 tàbí 5, èyí tí a ń fi sínú ilé ọmọ, tí ó lè tó ọdún 10, àti kọ́ńdọ̀mù, tí òun nìkan nínú wọn tún ń dènà àrùn éèdì.

Àwọn kan ń pe gbogbo èyí ní àṣà òyìnbó. Àwọn ìyá wa àgbà ńkọ́, tí wọn kì í sún mọ́ ọkọ títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú, ní ọdún 2 tàbí 3? Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú gbani níyànjú pé kí ó kéré tán oṣù 24 wà láàárín ìbímọ kan àti oyún tí ó tẹ̀lé e. Òyìnbó gan-an ni ó kọ́kọ́ fi òfin dè é: òfin ilẹ̀ Faransé ti ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1920 ka pípolongo ohun tí ń dènà oyún sí ẹ̀ṣẹ̀, òfin náà sì bá ìṣàkóso wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 2003 ni Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìlera ìbímọ, tí Tógò sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2017 sí 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ó wà nílé ọkọ, nǹkan bí 12 péré ni ó ń lo ọ̀nà ìgbàlódé.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ bá ti lọ. Ọ̀pá abẹ́ awọ lè da nǹkan oṣù rú: ẹ̀jẹ̀ lè máa wá lemọ́lemọ́, ó sì lè dáwọ́ dúró pátápátá. Ní ilé wa, ọ̀rọ̀ yìí kan àdúrà, ó kan ààwẹ̀, ó kan ojúbọ tí obìnrin kò gbọdọ̀ wọ̀ bí ó bá wà nínú nǹkan oṣù. Bí a kò bá ti sọ èyí fún un ní èdè rẹ̀, kì í ṣe ní Faransé tí ẹnìkan ń túmọ̀ ní ìdajì, ẹ̀rù ni yóò bà á. Yóò fẹ́ yọ ọ́. Fífi í sí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n yíyọ rẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ tí ó ti kọ́ ọ, pàápàá bí ó bá rì jinlẹ̀. Bí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ kò bá ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tí ń sunkún ti tó láti lé ogún ẹlòmíràn sá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ tún wà níbẹ̀. Obìnrin tí kò tíì bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ mọ̀ pé ìka lè kan ọ̀pá náà lábẹ́ awọ, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í fi àmì sílẹ̀. Agbẹ̀bí tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi ipá yàn fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ ìwé, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń pè kí ẹ wá ṣe ògbufọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Ẹ bá àwọn ìyá yín béèrè kí wọ́n tó na apá: ta ni yóò yọ ọ́, ní ilé ìwòsàn wo, èló sì ni? Kí ẹ sì rí i pé a kọ ọjọ́ tí wọ́n fi í sí àti ọjọ́ tí yóò parí sórí káàdì, kí káàdì náà sì wà lọ́wọ́ obìnrin fúnra rẹ̀.